Níbo Ni Aṣọ Ẹgbẹ́ Wa Ti Ń Wá?

Bí ó ti máa ń rí lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu gbogbo wa kan báyìí kì í ṣe ti eré orí ìtàgé tàbí ti àríyànjiyàn, ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Àwọn kan ní ànkárá aláwọ̀ ewé ni kí á rà. Àwọn kan ní àdìrẹ nìkan ni ó yẹ ọmọ Yorùbá. Àwọn tí owó ilé kò tíì dé sí lọ́wọ́ ní èyí tí ó bá dínwó jù ni kí á mú. Èmi náà fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí àwọ̀. Ìbéèrè tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi ìgbìmọ̀ aláṣẹ wa ni mo fẹ́ bi wọ́n: aṣọ tí a fẹ́ wọ̀ yìí, ta ni ó gbin òwú rẹ̀, ta ni ó hun ún, ta ni ó pa á láró, ta ni yóò rán an, kí sì ni olúkúlùkù wọn rí gbà nínú rẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa rẹ́rìn-ín: "Ẹ wo ọmọ Kàdúná yìí o, a ní kí á ra aṣọ, ó ń bèèrè ìran aṣọ." Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣé kì í ṣe àwa náà ni a máa ń sọ pé ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ? Aṣọ náà ní ilé tí ó ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó jìnnà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé alájà mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza wó lulẹ̀ ní Savar, lẹ́bàá Dhaka tí í ṣe olú-ìlú Bangladesh. Ilé iṣẹ́ aránṣọ márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn ilé ìtajà ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń rán aṣọ fún. Ènìyàn 1,134 ni ó kú. Àwọn tí ó fara pa lé ní 2,000. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì dàgbà ju àwa tí a ń ka ìwé yìí lọ.

Ohun tí ó máa ń dùn mí jù nínú ìtàn náà ni ti ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ní ọjọ́ 23, ògiri ilé náà ti sán, gbogbo ènìyàn sì rí i. Báńkì tí ó wà nísàlẹ̀ ilé náà kó òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde, kò sì jẹ́ kí wọ́n padà. Àwọn aránṣọ ni wọ́n ní kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ẹni tí kò bá wá, owó oṣù rẹ̀ ń bẹ nínú ewu. Iná lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n tan àwọn jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sókè ilé, ilé mì, kò sì pẹ́ rárá tí gbogbo rẹ̀ fi rọ́ lulẹ̀. Àwọn àjà òkè, wọ́n kàn fi lé e ni, láìgba àṣẹ. Kí ló wá dé tí wọn kò lè fi ọjọ́ kan péré sinmi? Aṣọ ti pẹ́, oníbàárà ń retí, ọjọ́ tí wọ́n dá ń lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ òkú jáde, wọ́n ń rí lébẹ́lì àwọn ilé ìtajà òkè òkun nínú àwókù náà. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ni lébẹ́lì wọ̀nyí sọ pé àwọn kò mọ̀ rárá pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn. Ó sì lè jẹ́ òótọ́! Ẹni tí ó ń tà á gbé iṣẹ́ fún alágbàṣe, alágbàṣe gbé e fún ilé iṣẹ́ kan, ilé iṣẹ́ náà rí i pé iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ òun lọ, ó gbé díẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹ̀bi bá dé, olúkúlùkù ń na ìka sí ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Bí a bá ń wá ẹni tí kò mọ nǹkan kan, gbogbo wọn ni.

Kì í ṣe pé wọ́n wá sá fún aṣọ Bangladesh lẹ́yìn náà o. Àwọn tí ó ń sọ pé kí á pa ọjà irú ìlú bẹ́ẹ̀ tì kò bi àwọn obìnrin tí ó ń jẹun níbẹ̀ léèrè. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jà fún ni pé kí ilé má wó lé àwọn lórí mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 kan náà, wọ́n jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé ìtajà. Àwọn tí ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ lé ní 200 kí ó tó parí. Àdéhùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, a lè fi gbé ènìyàn lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n rán àwọn ẹnjiníà lọ yẹ ilé iṣẹ́ tí ó lé ní 1,500 wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní gbangba kí tajá tẹran lè kà á. Faransé ṣe òfin ní 2017 pé ilé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń bá a pèsè ọjà. Ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Bí òfin wọ̀nyí ti lágbára tó, àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n "mi ò mọ̀" kò tún tó láti fi bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ mọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí á padà sílé. Èmi tí mo ń kọ èyí, Kakuri ni wọ́n bí mi sí ní Kàdúná, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. N kò mọ Ìbàdàn ju ìgbà ọdún Kérésìmesì àti ìgbà òkú lọ. Nítorí náà, bí àwọn kan bá ń fi ọ̀rọ̀ aṣọ yangàn pé Abẹ́òkúta, pé Ìsẹ́yìn, èmi a máa rántí ìlú tí ó bí mi. Ní 1957 ni wọ́n ṣí Kaduna Textiles Limited, nígbà ìjọba Sardauna. UNTL tẹ̀ lé e ní 1964, Arewa àti àwọn mìíràn náà sì dé. Òwú ń ti Funtua, Malumfashi àti Gusau wá, wọ́n á ran án, wọ́n á hun ún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ láwọ̀, gbogbo rẹ̀ nínú ìlú kan. Kì í ṣe Haúsá nìkan ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbò, ará gúúsù Kàdúná, gbogbo wọn ni ó ń fi igbe fèrè ilé iṣẹ́ mọ àkókò. Bí ẹ bá rí ìdí tí Yorùbá fi pọ̀ ní Kakuri, iṣẹ́ aṣọ wà lára rẹ̀.

Kaduna Textiles kógbá sílé ní 2002. UNTL ti ilẹ̀kùn ní oṣù kẹwàá ọdún 2007. Ó tún ṣí ní ìparí 2010, ṣùgbọ́n kò tún tó bí ó ti wà mọ́. Ẹ ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ará Ṣáínà ni ó pa wọ́n. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ayédèrú ànkárá tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ wọlé, tí wọ́n tilẹ̀ ń tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ Nàìjíríà sí etí rẹ̀, ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ńkọ́? Epo dúdú tí wọ́n fi ń gbé bọ́ílà ńkọ́, tí owó rẹ̀ ń gòkè tí kò sọ̀? Ẹ̀rọ tí ó ti gbó ńkọ́? Àní òwú fúnra rẹ̀: àwọn àgbẹ̀ ń dì í sínú àpò ọ̀rá alásọ́, fọ́nrán ọ̀rá ń bá òwú lọ sínú ẹ̀rọ, kò sì gba aró. Ẹ ó rí aṣọ tí ó jáde pẹ̀lú ilà funfun fínífíní níbi tí kò yẹ. Níbí ní Samaru tí a wà yìí ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ti ń mú irú òwú Samcot jáde wà. Ìmọ̀ wà níbẹ̀. Láàárín ìmọ̀ náà àti àpò àgbẹ̀ ni nǹkan ti já.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí àwọn olùfẹ́ ọjà tiwa-n-tiwa kì í fẹ́ gbọ́. Ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ Kàdúná ń ṣiṣẹ́ gan-an, ẹ̀bi wà lọ́rùn iṣẹ́ aṣọ náà. Àwọn àgbà àdúgbò wa máa ń sọ pé bí o bá fẹ́ mọ àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí o lọ wo omi tí ó ń gba gọ́tà Makera kọjá, tí ó ń lọ sínú odò Kàdúná, odò tí àwọn kan ń pẹja nínú rẹ̀, tí àwọn kan sì ń fi bomi rin ẹ̀fọ́ létí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì kógbá sílé, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lórí ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kú kí wọ́n tó rí i gbà. Elisha Renne, onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé jáde ní 2020 lórí ikú àwọn òṣìṣẹ́ Kaduna Textiles àti ìyà àwọn opó wọn. Àwa tí a ń gbé láàárín wọn, ta ni ó kọ tiwa? Bàbá kan ní ìlà ilé wa lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ. Etí rẹ̀ di nítorí ariwo. Títí ó fi kú, páálí ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Bí aṣọ bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ̀rí kọ́ nìyẹn pé ẹni tí ó ṣe é jẹun.

Àdìrẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn ará Ẹ̀gbá wa yóò ti gbéra sọ. Ẹ fara balẹ̀. Mo fẹ́ràn àdìrẹ, mo sì gbà pé owó tí a bá fi ra ojúlówó rẹ̀ ní Ìtòkú ń dé ọwọ́ ìyá tí ó rẹ ẹ́ kíákíá ju ti ànkárá inú kọ̀ǹténà lọ. Ṣùgbọ́n funfun tí àwọn ìyá wa ń rẹ láró láti àtijọ́, aṣọ òyìnbó ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Láti Manchester ni ó ti ń wá. Ọ̀rọ̀ pé báwo ni a ṣe ń ṣe é kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọjà kú ní gbogbo ayé, àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àdìrẹ Abẹ́òkúta ti ń ṣá, ó sì ń tètè ya. Wọ́n ní sódà àti aró òyìnbó ni ó fà á. Aláké Ladapo Ademola fi òfin dè é. Ǹjẹ́ àwọn aláró gbà? Wọn kò gbà o! Àwọn obìnrin náà kó ara wọn jọ, wọ́n gba lọ́yà. Ohun tí ó ń bí wọn nínú ni pé ọwọ́ wọn nìkan ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ẹni tí ó ń ta funfun fún wọn láwìn kò jẹ̀bi, ẹni tí ó ń ná aṣọ títí yóò fi bọ́ sí ẹ̀yìn owó kò jẹ̀bi, aláró nìkan ni ó jẹ̀bi. Mo rò pé kò sí ẹni tí ó tíì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Rana Plaza jù báyẹn lọ, ó sì ṣáájú rẹ̀ fún nǹkan bí 80 ọdún.

Sódà kò sì kúrò nínú aró títí di òní. Ẹni tí ó bá dé ibi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ yóò rí i pé ọ̀pọ̀ kì í wọ ìbọ̀wọ́, sódà a máa bó ènìyàn lọ́wọ́, èéfín rẹ̀ a máa ta ni lójú, omi ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń gba gọ́tà lọ. Ìbọ̀wọ́ kò wọ́n. Bí a bá fẹ́ ra àdìrẹ fún odindi ẹgbẹ́, ẹni tí ó ń ra ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè sọ̀rọ̀ tí ènìyàn yóò gbọ́. Èwo ni kí á máa ná an ní náírà tí ó kù, kí á má sì bèèrè ìbọ̀wọ́? Ẹ sì ṣọ́ra fún àdìrẹ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ṣáínà: ẹ yí i padà, bí àwọ̀ ẹ̀yìn bá ṣá ju ti iwájú lọ, tí àwòrán kan náà sì ń tún ara rẹ̀ ṣe láìyẹ̀ ní gbogbo ọ̀pá, ọwọ́ ènìyàn kọ́ ni ó dì í.

Ní ti ànkárá, ọ̀pọ̀ èyí tí ó wà ní ọjà Sàríà àti Kàdúná ti Ṣáínà wá. Bí ìdá kan nínú márùn-ún òwú gbogbo ayé ni ó ń ti ẹkùn Xinjiang jáde, níbi tí wọ́n ti fẹ̀sùn kan ìjọba pé wọ́n ń fi tipátipá kó àwọn Uyghur ṣiṣẹ́. Ìjọba Ṣáínà ní irọ́ ni. Amẹ́ríkà ṣe òfin ní ìparí 2021, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2022, pé ọjà tí ó bá ti ibẹ̀ wá kò gbọdọ̀ wọlé àfi bí olówò bá fi ẹ̀rí hàn pé kò sí ipá nínú rẹ̀. Ọjà tí wọ́n bá dá padà níbẹ̀, ibòmíràn ni yóò wá ẹni tí yóò rà á. Kò sí ẹni tí ó ń bi í léèrè ní Àpápá, kí á má tilẹ̀ sọ ti ẹnu ibodè.

Àwọn kan yóò ní kí á kúkú máa wọ gwánjò, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní òkìríkà. Fún ti ojoojúmọ́, n kò bá wọn jà, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè rí ogójì ènìyàn tí yóò bá irú kan náà pàdé nínú bélì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an ni mo dé yìí. Bangladesh jìnnà, Xinjiang jìnnà, kò sì sí ohun tí lẹ́tà ẹgbẹ́ wa lè ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ọ̀nà tí aṣọ ń gbà tí àwa ni ọ̀gá, ìyẹn ni ọ̀dọ̀ télọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni ó kù kí Ọ̀sẹ̀ Àṣà bẹ̀rẹ̀ kí aṣọ tó dé ọwọ́ télọ̀? Ọjọ́ márùn-ún! Ìgbìmọ̀ ń jiyàn lórí àwọ̀ fún oṣù kan àti ààbọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fi owó falẹ̀, nígbà tí ó ku ọ̀la ni gbogbo wa kó ọ̀pá aṣọ lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ ní Samaru. Iná kò sí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ó tàn mọ́jú, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni ó sì tì nítorí olè, tòun ti àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, èéfín jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ sí wọn láti ojú wíńdò. Ẹ ka ìròyìn: ọ̀pọ̀ ìdílé ni irú èéfín bẹ́ẹ̀ ti pa mọ́jú ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò tíì pé 15. Ọlọ́run nìkan ni ó yọ wọ́n. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a jó, a ya fọ́tò, àwọn kan nínú wa kò sì tíì san owó ìránṣọ títí di òní tí mo ń kọ èyí.

Ọjọ́ tí wọ́n dá, mo ní kí ẹ fi í sọ́kàn. Ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó pinnu, tí ó fẹ́ kí ó tètè jáde, tí ó sì fẹ́ san díẹ̀, òun ni ó ń ti òṣìṣẹ́ padà sínú ilé tí ó sán. Kò dìgbà tí ènìyàn bá ní ilé ìtajà ní London kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí èmi ń fẹ́ ni kí á mú aṣọ kan ṣoṣo, kí á máa wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tí ó bá wọlé ní ọdún kìíní yóò rán an lẹ́ẹ̀kan, yóò wọ̀ ọ́ títí yóò fi jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń kígbe pé aṣọ kan náà yóò sú wa, ẹ ti gbàgbé pé aṣọ òkè bàbá àgbà ni àwọn kan nínú wa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, a sì ń fi yangàn. Owó aṣọ mẹ́rin olówó pọ́ọ́kú tó ra ojúlówó kan. Bí a bá sì ti mọ irú aṣọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí owó wọlé ní sáà àkọ́kọ́, kí télọ̀ gba ìdajì owó rẹ̀ kí ó tó fi àlùmágàjí kan aṣọ, kí ó sì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Mo ti fún akọ̀wé ní àbá yìí lórí ìwé, yóò kà á ní ìpàdé gbogbogbò. Bí ẹ bá gbà á, mo ṣe tán láti lọ sí Kàdúná kí n lọ bèèrè èló ni ojúlówó ti ilé, kí ẹlòmíràn tí ń lọ sílé ní Abẹ́òkúta sì bá wa dé Ìtòkú, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wo ibi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́, kí ó sì kọ ohun tí ó bá rí wá. Akápò, jọ̀wọ́ mú rìsíìtì ọdún tó kọjá dání. Ẹni tí ó bá sì ṣì jẹ télọ̀ lówó, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò kúrò níbi tí ó wà. Ó máa ń ṣí di aago mẹ́jọ alẹ́.